PostgreSQL ń kú ní ìparí oṣù, ẹ̀dà ìpamọ́ kò ṣí, Òṣogbo kò rí sáfà: ṣé RAM ló kù ká rà?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn lọ́pọ̀ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn. A ní ẹ̀ka ní Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lé lọ́wọ́. PostgreSQL 16 ni ètò dátábéèsì tí a ń lò lórí Ubuntu, RAM rẹ̀ 8GB. Java ni ètò tí a fi ń tajà: ti Ìbàdàn wà lórí ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú dátábéèsì, àwọn ẹ̀ka sì ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ dátábéèsì tààrà. Bó bá ti di ìparí oṣù, tí gbogbo wa ń fa ìròyìn ọjà jáde, dátábéèsì á kú, á tún jí fúnra rẹ̀, gbogbo èèyàn á sì já bọ́. Mo gbìyànjú kí n ṣí ẹ̀dà tí a ń kó sórí flash lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kò ṣí. Ti Òṣogbo tún yàtọ̀: lónìí wọ́n á wọlé, lọ́la wọn ò ní rí sáfà. Ọ̀gá fẹ́ ra RAM 32GB. Ṣé ká rà á? Ohun tí mo ti yí padà rèé: shared_buffers = 4GB, work_mem = 256MB, max_connections = 200.

* * *

Àbúrò, sọ fún ọ̀gá kó ṣì mú owó yẹn dání.

Lọ sínú /var/log/postgresql, wá àkókò tó kú, kí o ka ohun tó kọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ "terminated by signal 9: Killed" lo rí, PostgreSQL kọ́ ló pa ara rẹ̀, Linux ló pa á. Mẹ́mọ́rì tán lórí ẹ̀rọ, Linux wo ẹni tó ń jẹ ẹ́ jù, ó sì gé e. Tẹ dmesg -T, wá "Out of memory" nínú rẹ̀, wàá rí orúkọ ẹni tó kú. Ẹyọ kan ló kú, àmọ́ gbogbo yín lẹ já bọ́, nítorí pé àwọn iṣẹ́ PostgreSQL jọ ń lo mẹ́mọ́rì kan ni. Bí ọ̀kan bá kú lójijì, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ti ba ibi tó ń kọ nǹkan sí jẹ́, nítorí náà á tú gbogbo ìyókù ká, á ka WAL, ìwé tó ń kọ gbogbo àyípadà sí, á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. "Jíjí" tó o rí nìyẹn.

Ó yá, jẹ́ ká ṣírò. 256MB tó o fún work_mem, mẹ́mọ́rì tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìbéèrè lè lò, kì í ṣe ti sáfà lápapọ̀, kì í tilẹ̀ ṣe ti èèyàn kan. Bí ẹni ń pín àwo lóde ìnáwó ni: kì í ṣe àwo kan fún àlejò kan, àwo kan ni fún oríṣi oúnjẹ kọ̀ọ̀kan tí àlejò náà bá ní kí wọ́n gbé wá. Sort (títò nǹkan) kan lè gba 256MB. Hash (àtẹ tó fi ń yára wá nǹkan) kan lè gba ìlọ́po méjì ìyẹn, 512MB, nítorí láti PostgreSQL 15 ni hash_mem_multiplier ti di 2. Ìròyìn ńlá tún máa ń pe olùrànlọ́wọ́ méjì mọ́ra bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan max_parallel_workers_per_gather, wọ́n á wá di mẹ́ta. Mẹ́ta lọ́nà 768MB jẹ́ 2304MB, fún ìròyìn ẹyọ kan tó ní sort kan àti hash kan péré. Bí Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́ bá tẹ bọ́tìnnì pọ̀, ó di 4.5GB. O ti fún shared_buffers, mẹ́mọ́rì tí gbogbo wọn jọ ń lò, ní 4GB. Java náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń jẹ tirẹ̀. Nínú 8GB! Bẹ́ ẹ bá ra 32GB, ẹ̀ka mẹ́ta mìíràn tí ọ̀gá bá ṣí lá tún gbé yín padà síbí.

* * *

Mo ti ka ohun tí àwọn yòókù sọ lábẹ́ ìbéèrè yìí. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ní kí ó máa tún sáfà tàn lálaalẹ́: ó ń bo ẹ̀gbò mọ́lẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí sáfà ti kó sí mẹ́mọ́rì á dànù, àárọ̀ ọjọ́ kejì á falẹ̀, ìparí oṣù á tún dé bákan náà.

Ẹni tó ní free -h fi hàn pé 200MB ló kù: òpó "free" lo wò. "Available" ni kó o wò. Linux máa ń fi RAM tí kò sẹ́ni tó ń lò tọ́jú àwọn fáìlì tó kà láìpẹ́, bẹ́nì kan bá sì nílò rẹ̀, á yọ̀ǹda rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó wá gbà á nímọ̀ràn pé kó fi drop_caches, àṣẹ tó ń lé àwọn fáìlì yẹn kúrò ní RAM, sí cron (ohun tó ń ṣe iṣẹ́ lásìkò tó o bá dá fún un) ní wákàtí wákàtí, jọ̀wọ́, kí lo fẹ́ gbà níbẹ̀? O lé ohun tí PostgreSQL fẹ́ kà kúrò ní mẹ́mọ́rì, ó tún ní láti lọ kà á lórí dísíìkì.

Vm.overcommit_memory = 2, tó ń ní kí Linux má ṣèlérí mẹ́mọ́rì kọjá ìwọ̀n kan, ńkọ́? Èyí dáa, àwọn tó ṣe PostgreSQL fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́ni wọn. Àmọ́ ẹni tó dárúkọ rẹ̀ kò parí ọ̀rọ̀. Bí o bá fi 2 sí i, ohun tí ẹ̀rọ á gbà kí gbogbo ètò béèrè lápapọ̀ ni swap (àyè orí dísíìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́) pẹ̀lú ìdajì RAM, nítorí 50 ni overcommit_ratio wà bí o kò bá yí i. Lórí 8GB tí kò ní swap, 4GB nìyẹn. Àbúrò yìí ti fún shared_buffers ní 4GB. Ó ṣeé ṣe kí dátábéèsì má gbéra rárá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀rọ tí dátábéèsì bá dá gbé ló yẹ; níbi tí Java bá wà, kí ó kọ́kọ́ ṣírò.

Swap: fi 2GB sí i, kò burú. Kò ní wo àrùn yìí sàn.

Tèmi rèé fún ẹ̀rọ 8GB tí Java ń bá gbé: shared_buffers 2GB, work_mem 16MB, max_connections 60. Orúkọ tí ẹ fi ń fa ìròyìn nìkan ni kó o fún ní púpọ̀: ALTER ROLE iroyin SET work_mem = '64MB'. Work_mem kò nílò ju reload lọ (kó tún ètò rẹ̀ kà láìkú). Shared_buffers àti max_connections, àfi kó o tún un tàn. Fi log_temp_files = 0 kún un, kó o lè máa rí ìròyìn tí mẹ́mọ́rì kò tó fún, tó ń lọ kọ nǹkan sórí dísíìkì. Sort tó lọ sórí dísíìkì á falẹ̀ díẹ̀, kò ní pa ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n má tíì yí ohunkóhun. Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kó o dáhùn: kí ló mú ọ gbé max_connections láti 100 lọ sí 200? Ẹ̀ka mẹ́ta, ta ni àwọn igba èèyàn yẹn?

* * *

Kó tó dáhùn, ẹ̀dà ìpamọ́. Àbúrò ní àṣìṣe tóun rí ni "PANIC: could not locate a valid checkpoint record". Ìyẹn ti tó fún mi. Wọ́n ń da /var/lib/postgresql, àpò tí dátábéèsì wà, kọ sórí flash nígbà tí ọjà ń lọ lọ́wọ́. Bó o ṣe ń kọ fáìlì kan, èyí tó o ti kọ tán ń yí padà lẹ́yìn rẹ. Ohun tó wà lórí flash yẹn kì í ṣe dátábéèsì aago méjìlá, kì í ṣe ti aago kan. Ó jẹ́ àbọ̀ ibí, àbọ̀ ọ̀hún.

Lálẹ́ òní, kó o tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, ṣe pg_dump -Fc, àṣẹ tó ń kó dátábéèsì sínú fáìlì kan. Òun máa ń mú àwòrán ìgbà kan ṣoṣo bí ọjà bá tilẹ̀ ń lọ. Kó o tún ṣe pg_dumpall --globals-only, nítorí pg_dump kì í kó orúkọ àwọn aṣàmúlò àti páswọ́ọ̀dù wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń mọ èyí lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá dátábéèsì padà tí kò sẹ́ni tó lè wọlé.

Ẹnì kan sọ pé òun ti ní pg_dump tó ń ṣiṣẹ́ lálaalẹ́, pg_dump | gzip, pé òun ń sùn dáadáa. Ó dáa, lọ wo bí àwọn fáìlì rẹ ṣe tóbi tó. Bí o bá rí 20 bytes, òfìfo tí gzip dì ni. Pg_dump kùnà, gzip rí òfo, ó dì í, ó sì ní òun ṣe é yọrí. Cron gbọ́ ti gzip nìkan. Kọ set -o pipefail sórí ìwé àṣẹ rẹ, pẹ̀lú bash. Tàbí kó o lo -Fc, òun fúnra rẹ̀ máa ń fún nǹkan pọ̀.

Àwọn tó rò pé ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré lèyí, ẹ rántí GitLab. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ wọn kan pa àpò dátábéèsì rẹ́ lórí sáfà àgbà, nígbà tó rò pé orí sáfà kejì lòun wà. Nǹkan bí 300GB. Nígbà tó máa fi dá a dúró, nǹkan bí 4.5GB ló kù. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní tí wọ́n lérò pé ó ń tọ́jú nǹkan fún wọn, kò sí èyí tó ṣeé gbára lé. Pg_dump ń kùnà nítorí pé ti 9.2 ló ń lọ bá dátábéèsì 9.6, í-meèlì tó yẹ kó ta wọ́n lólobó kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn rí, wọ́n ń dá a padà lójú ọ̀nà. Ohun tó kó wọn yọ ni àwòrán dísíìkì kan tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ yà ní bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà yẹn lọ.

Nítorí náà, dá a padà gan-an: createdb danwo, pg_restore -j 2 -d danwo, kó o ka iye ìlà tó wà nínú tábìlì ọjà, kó o fi wé ti òwúrọ̀. Máa ṣe é lóṣooṣù. Èmi ò ka fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò dá padà rí sí ẹ̀dà ìpamọ́.

Nípa flash fúnra rẹ̀: bó bá jẹ́ FAT32, kò lè gba fáìlì ẹyọ kan tó tó 4GB. Ọjọ́ tí dump yín bá kọjá ìyẹn, á gé e lójú ọ̀nà, ẹ ò sì ní mọ̀ bí ẹ ò bá kà àṣìṣe. Ibo lẹ sì ń gbé flash sí? Dúróà tó wà lábẹ́ sáfà? Olè tó bá gbé sáfà á gbé e kún un. Fi gpg (ohun èlò tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti fáìlì) dí i, kó o gbé ọ̀kan lọ síbòmíràn. Orúkọ àti gbèsè àwọn oníbàárà wà nínú rẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kò sì yọ ilé-iṣẹ́ yín sílẹ̀.

* * *

Ìjà kékeré kan bẹ́ sílẹ̀ lórí iná ìjọba. Ẹnì kan ní kí a fi fsync = off sí i, kí PostgreSQL má dúró títí nǹkan á fi dé orí dísíìkì, kó lè yára, pé òun ti ń lò ó tipẹ́. Mo mọ ibì kan tí wọ́n ti gba irú ìmọ̀ràn yìí. Iná lọ, inverter kò gbé e, àwọn tábìlì bàjẹ́ débi pé ẹ̀dà àná ni wọ́n ní láti lò. Tó o bá fẹ́ yíyára, synchronous_commit = off ló wà fún un: bí iná bá lọ, o lè pàdánù àwọn tó wọlé kẹ́yìn, àmọ́ ohun tó kù kò ní bàjẹ́. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ má pè wọ́n ní ọ̀kan náà mọ́.

Ẹlòmíràn bi mí pé bí ẹnì kan bá fi UPDATE tí kò ní WHERE ba iye owó oògùn jẹ́ ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ńkọ́. Dump àná á gba ọjà àárọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni WAL ti wúlò: pg_basebackup lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, archive_command láti máa kó WAL lọ síbòmíràn, tó bá sì kan, o gbé recovery.signal sínú àpò dátà, o kọ restore_command àti recovery_target_time sí aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú kan. Ẹ má wá recovery.conf mọ́, láti PostgreSQL 12 ni wọ́n ti mú un kúrò. Fáìlì WAL kọ̀ọ̀kan jẹ́ 16MB. Bí archive_timeout bá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, wákàtí mẹ́wàá ọjà á bí 1920MB ó kéré tán, ṣùgbọ́n ó máa ń fún pọ̀ dáadáa bí ọjà kò bá pọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: bí archive_command bá ń kùnà, PostgreSQL kì í ju WAL nù, á máa kó o jọ sínú pg_wal títí dísíìkì á fi kún, á sì dúró.

* * *

Àbúrò ti dáhùn. Ó ní "sorry, too many clients already" lòun rí, ìdí nìyẹn tóun fi gbé e lọ sí 200. Ó tún fi pg_stat_activity, àtẹ àwọn ìsopọ̀ tó wà nílẹ̀, ránṣẹ́: èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ idle (wọn kò ṣe nǹkan kan), àdírẹ́sì SIM Òṣogbo ló wà lára wọn, state_change wọn sì ti lé ní wákàtí kan.

Ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì tí à ń sọ látàárọ̀, orí nẹ́tíwọ̀kì ló ti bẹ̀rẹ̀. SIM ni Òṣogbo ń lò. Bí ìsopọ̀ bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì fóònù á gbàgbé rẹ̀, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ètò Java á ṣí òmíràn. Sáfà kò mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ ti kú, nítorí Linux kì í béèrè "ṣé o ṣì wà?" títí wákàtí méjì á fi pé, 7200 ìṣẹ́jú-àáyá. Òkú ìsopọ̀ ń kó jọ, àyè ń tán, àbúrò gbé nọ́ńbà sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń di mẹ́mọ́rì tirẹ̀ mú. Kọ tcp_keepalives_idle = 60, tcp_keepalives_interval = 10, tcp_keepalives_count = 6; òkú kò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ nílẹ̀.

Ó wá lẹ pg_hba.conf, fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè wọlé, mọ́ ọn. Mo ka ìlà kejì, mo dìde: host all all 0.0.0.0/0 trust. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà fún wọn ló kọ ọ́, ó sì ṣí port 5432 lójú rúta. Ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni lágbàáyé lè wọlé pẹ̀lú orúkọ postgres láìsí páswọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá wọlé bẹ́ẹ̀ lè lo COPY FROM PROGRAM láti pàṣẹ fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ti port náà pa báyìí, kó o tó ka èyí tó kù. Lẹ́yìn náà, tẹ top, wò bóyá nǹkan tí o kò mọ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ postgres. Kdevtmpfsi lókìkí nínú wọn, ó ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ wa owó kírípítò. Bí o bá rí i, má wulẹ̀ pa á, ẹ̀rọ yẹn kò ṣeé fọkàn tán mọ́: fi dump rẹ kọ́ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀.

* * *

Ẹni tó ń bèèrè ìyàtọ̀ àwọn àṣìṣe: "Connection refused" túmọ̀ sí pé o dé orí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ lórí port yẹn, wo ss -ltnp, bóyá listen_addresses ṣì jẹ́ localhost. "Timed out" ni pé ọ̀rọ̀ rẹ kò dé ibẹ̀ tàbí ẹnì kan gbé e mì lójú ọ̀nà. "No pg_hba.conf entry" ni pé o ti bá PostgreSQL fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní òun kò mọ̀ ọ́; má lọ yẹ wáyà wò.

Ti Òṣogbo jẹ́ "timed out", ó sì máa ń jẹ́ lẹ́yìn tí iná bá lọ tó padà dé. Rúta Ìbàdàn ń pín àdírẹ́sì tuntun bó bá tàn, sáfà bọ́ sórí 192.168.1.14, rúta ṣì ń darí àlejò sí 192.168.1.10. Fi àdírẹ́sì kan pamọ́ fún sáfà lójú rúta.

Ohun tí mo fẹ́ ní ipò port ṣíṣí ni WireGuard, ọ̀nà aládàáni tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbàdàn ní àdírẹ́sì tó hàn sí gbogbo ayé, UDP 51820 nìkan lẹ máa ṣí. Òṣogbo, fi PersistentKeepalive = 25 sí i nítorí SIM. Yí nẹ́tíwọ̀kì inú ilé padà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo yín bá ń lo 192.168.1.0/24, ọ̀nà kò ní mọ ibi tó ń lọ. Nínú pg_hba.conf, àdírẹ́sì inú WireGuard nìkan, pẹ̀lú scram-sha-256, ìyẹn páswọ́ọ̀dù.

Ẹni tó ní SIM ni tòun lójú méjèèjì, tó ti ń ṣí port lójú rúta tí kò ṣiṣẹ́: wo àdírẹ́sì tí rúta rẹ gbà. Bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ìwọ àti ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ jọ ń lo àdírẹ́sì kan níta. Kò sí port tí o lè ṣí. Háyà sáfà kékeré kan níta, kí ẹ̀yin méjèèjì máa pàdé níbẹ̀.

Ẹni tó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí òkè òkun kí wọ́n sì sinmi lọ́wọ́ NEPA, ọ̀rọ̀ rẹ kò ṣófo. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan, àwọn báńkì Nàìjíríà pàápàá pariwo. Ẹni tó ń ta oògùn n'Ìbàdàn fún ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ kò yẹ kó máa dúró de Abidjan. Dátábéèsì nílé, ẹ̀dà níta: ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

* * *

Àbúrò padà wá. Ìparí oṣù kọjá, dátábéèsì kò kú, ìsopọ̀ kò pọ̀ mọ́, kò sì rí àlejò kankan lórí ẹ̀rọ. Ọ̀gá ti gbàgbé RAM. Ìròyìn Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ló wá ń fà bí ìgbín láti ìgbà tí wọ́n ti gba WireGuard.

Fa ìròyìn yẹn jáde lórí sáfà fúnra rẹ̀ n'Ìbàdàn. Bó bá yára níbẹ̀, ọ̀nà ló níṣòro: fi MTU WireGuard (ìwọ̀n tí ẹrù kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ jù) sí 1280, pàápàá bó bá jẹ́ pé ìbéèrè kékeré ń dáhùn, tí ńlá ń dákẹ́. Bó bá falẹ̀ níbẹ̀ náà, EXPLAIN (ANALYZE, BUFFERS), tó ń fi bí PostgreSQL ṣe ń ṣe ìròyìn náà hàn, ló kàn. Wá "external merge Disk" nínú rẹ̀. Bó bá wà, ó ṣeé ṣe kí index lórí ẹ̀ka àti ọjọ́ ṣe ju kíkún work_mem lọ. Fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ síbí, ṣùgbọ́n yọ orúkọ àwọn oníbàárà kúrò níbi Filter kó o tó lẹ̀ ẹ́.